Kí owó tó kúrò lápò: ọjọ́ tí a lọ yẹ ọkọ̀ àlòkù wò létí ọ̀sà

Agogo 5 ìdájí

Ọyẹ́ mú ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, kùrukùru sì bo ojú ọ̀sà débi pé àwọn atukọ̀ kò tíì tú okùn. Ìdí nìyẹn tí a fi gba ọ̀nà orí ilẹ̀ lọ sí apá Ìkòròdú. Àwa mẹ́rin la wà nínú mọ́tò: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Olúwo, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láti kékeré, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́káníìkì kan tó jẹ́ pé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń tún ṣe, àti èmi tí wọ́n ní kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tí yóò máa fi kó ẹja wá láti àwọn abúlé tó wà létí ọ̀sà Lekki. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ló ń háyà tẹ́lẹ̀, owó háyà sì ti fẹ́ jẹ èrè rẹ̀ tán.

Bí ọjọ́ náà ṣe lọ ni mo tò sílẹ̀ níhìn-ín, wákàtí sí wákàtí. Ibi tí mi ò bá sí, mo bi ẹni tó wà níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mẹ́káníìkì ti bẹ ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ náà lórí fóònù pé kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ̀ńjìnnì kí a tó dé. Ẹ̀ńjìnnì tó ti gbóná kì í pẹ́ jẹ́, bó ti wù kó ṣàìsàn tó. Èyí tó sùn mọ́jú ló máa ń sọ tinú rẹ̀. Bí kàbúrétọ̀ bá dọ̀tí, bí púlọ́ọ̀gì bá ti jó, bí agbára inú sìlíńdà bá ti dín kù, ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan án láàárọ̀ ló máa hàn. Ọkùnrin náà ní kò sí wàhálà, pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn án.

Agogo 6 kọjá díẹ̀

A kò tíì dé Ìtòìkín nígbà tí ẹ̀ńjìnnì náà dún. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi nígbà tó di ọ̀sán, tí ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun pè pé kí òun tan án kó gbóná dáadáa, kí òun sì fi aṣọ tútù nu ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó ní kò tiẹ̀ pẹ́ tó fi jẹ́, àmọ́ ọ̀gá òun kò fẹ́ fi nǹkan kan sílẹ̀ fún orí.

Agogo 7 ku díẹ̀ sí ààbọ̀

Ọkọ̀ náà wuni. Fíbà ni, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 23, wọ́n kun òkè rẹ̀ ní funfun, wọ́n sì kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní búlúù. Wọ́n so ó mọ́ òpó létí omi, Yamaha 75 sì wà ní ìdí rẹ̀ tó ń dán. Mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì mọ̀ pé ó ti ra ọkọ̀ náà lọ́kàn kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹni tó ń tà á náà mọ̀. “Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wo ẹ̀ńjìnnì yẹn, tòkúńbọ̀ gidi ni, kò tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀ rárá.”

Mẹ́káníìkì kò dá sí i. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣí ìdérí ẹ̀ńjìnnì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí irin tó bo àwọn sìlíńdà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ bá mi kọ ọ́: ó lọ́wọ́ọ́wọ́.”

Ọkùnrin náà ní oòrùn ló pa á. Kùrukùru sì ṣì bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wo mẹ́káníìkì, mẹ́káníìkì wo Bàbá. Ibi tí ẹlòmíràn ti máa bínú, tí yóò sì padà sílé, Bàbá kàn sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó tutù. Wákàtí mẹ́ta kì í pẹ́. A ṣáà ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe.”

Èmi rò pé àwọn wákàtí mẹ́ta yìí ló gba owó ẹ̀gbọ́n mi là. Ká ní ẹ̀ńjìnnì tutù nígbà tí a dé ni, à bá ti tan án, ì bá jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, inú wa ì bá dùn, à bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà kí agogo mẹ́jọ tó lù. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ra ọkọ̀ lórí ọ̀sà wa. Wọ́n máa ń wo ẹ̀ńjìnnì torí òun ló gba owó jù, òun ló ń pariwo, wọ́n á sì ra ohun tó gbé e dání mọ́ ọn láìwò ó.

Agogo 8

Bàbá ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀.

Ẹni tó ń tà á ní kò yẹ kí ìyẹn pọn dandan, pé oṣù tó kọjá ni wọ́n fà á sókè, tí wọ́n kùn ún. “Ọmọ mi,” ni Bàbá fèsì, “ibi tí omi ń fara kàn ni mo fẹ́ fi ojú kàn.” Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ kò kúrò lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló sanwó fún àwọn ọ̀dọ́ tó wọ́ ọ, wọ́n sì fi ìtì igi àgbọn mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ kó lè yí gòkè sórí iyanrìn. Owó yẹn kéré. Ẹni tí kò bá lè san owó kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ sórí ilẹ̀, kó má ra ọkọ̀ ọ̀hún. Ìdajì ọkọ̀ tó wà nínú omi ni ojú ń rí, ìdajì tó kù ló sì ń gbé èèyàn.

Agogo 8 ààbọ̀ sí agogo 10

Bàbá kọ́kọ́ rìn yí i ká láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ló dojúbolẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà, lórí iyanrìn tútù, ó di ojú kan, ó sì wo ìlà àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti orí dé ìdí. Bí ìlà yẹn bá tẹ̀, bí ó bá rì wọlé níbì kan, ọkọ̀ náà ti gbá nǹkan rí, tàbí kí igi inú rẹ̀ ti fọ́. Èyí gún régé. Ó dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà, ó ní ibi kan ti kọjá.

Ó ní kí n wo ọ̀dà náà. Ọ̀dà búlúù tó wà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ń ṣí, eruku rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Èyí tó wà ní ìdí ọkọ̀ nìkan ló ṣì ń dán. Kí ló dé tí èèyàn fi máa kun ibì kan ṣoṣo? Kò bi ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà. Ó ní òun fẹ́ bi ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Fíbà kì í jẹrà. Igi tí wọ́n fi fíbà bò ló ń jẹrà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fíbà tí wọ́n ń ṣe lágbègbè wa, pátákó ìdí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀ńjìnnì kọ́, pílíwúùdù ni wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n sì fi fíbà bò nínú àti lóde. Àwọn igi gígùn tó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ró náà rí bẹ́ẹ̀. Bí pílíwúùdù náà bá jẹ́ ti ojú omi, tí wọ́n sì di gbogbo ihò rẹ̀ dáadáa, ó lè pẹ́ gan-an. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ṣe àjà ilé ni wọ́n lò, tàbí bí ẹni tó gbé ẹ̀ńjìnnì kọ́ ọ bá lu ihò bóòtì láìfi nǹkan dí i, omi yóò máa wọlé ní kékeré-kékeré lójoojúmọ́, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Lóde, gbogbo nǹkan ṣì dà bí ẹni pé ó le dáadáa. Nínú, igi ti di ẹrẹ̀.

Ẹ wá rántí pé Yamaha 75 lé ní 100 kg kí epo tó kàn án, àti pé nígbà tó bá ń sáré, gbogbo agbára tó ń ti ọkọ̀ lọ síwájú, pátákó kan ṣoṣo yẹn ló ń gbà á. Bó bá já láàárín ọ̀sà, ẹ̀ńjìnnì á lọ sísàlẹ̀ omi, omi á sì gba ojú ihò ìdí ọkọ̀ wọlé sórí àwọn èèyàn. Lọ́dọọdún ni a ń gbọ́ ìròyìn ọkọ̀ tó dojú dé ní ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn èèyàn a sì máa di ẹ̀bi ru ìjì, tàbí ìtì igi abẹ́ omi, tàbí èrò àpọ̀jù. Òótọ́ ni gbogbo wọn. Ọkọ̀ tó ti jẹrà kó tó kúrò létí omi náà wà lára wọn, ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ ọ́ torí pé ẹ̀rí rẹ̀ máa ń bá omi lọ.

Bàbá mú sùkúrù-díráfà kan, ó fi ìdí rẹ̀ tó jẹ́ igi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara ọkọ̀ náà, láti iwájú wá sẹ́yìn. Kò. Kò. Kò. Ìró rẹ̀ le, ó sì dún ketekete. Ó kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kò. Ó kan ẹ̀gbẹ́ òsì, kò. Nígbà tó dé pátákó ìdí ọkọ̀, ní abẹ́ bóòtì méjì ìsàlẹ̀ tó di ẹ̀ńjìnnì mú, ìró náà kú. Bí ìgbà tí èèyàn bá gbá àpò gàrí ló ń dún. Ó padà sókè, kò. Ó sọ̀kalẹ̀, pùù. Ó fún mi ní sùkúrù-díráfà náà kí èmi náà gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi, òun náà gbọ́ ọ, ó sì tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì, torí pé kò wù ú kó jẹ́ òótọ́.

Nígbà yẹn la wá rí i pé omi ń kán láti abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn bóòtì náà. Ẹ̀kán kan, ẹ ó dúró, ẹ̀kán mìíràn. Omi náà pọ́n bí ti ìpẹtà. Ọkọ̀ ti wà lórí ilẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan, inú rẹ̀ sì gbẹ. Inú igi ni omi yẹn ti ń bọ̀.

Mẹ́káníìkì gbé ẹ̀ńjìnnì sókè díẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bàbá fi ìka kan lé ibi tí pátákó ìdí ọkọ̀ ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Pátákó tó le kì í mì. Èyí mì. Kò pọ̀, kò ju ìbú èékánná lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí i.

Àyẹ̀wò kan ló kù, a kò sì lè ṣe é láìgba àṣẹ ẹni tó ni ọkọ̀. Bàbá bèèrè bóyá òun lè fi dírìlì lu ihò kékeré kan láti inú, níbi tí ìró ti kú, pé òun yóò fi résìn dí i padà. Ọkùnrin náà kọ̀ ní àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ má bínú o, bí kò bá sí nǹkan nínú rẹ̀, èmi ni màá sanwó rẹ̀.” Ó gbà. Ohun tí dírìlì gbé jáde dúdú, ó tutù, ó ń rùn. Bàbá fi àtàǹpàkò fọ́ ọ kúnná lójú ọkùnrin náà, kò sọ̀rọ̀.

“A lè lẹ̀ ẹ́,” ni ọkùnrin náà wí.

A lè tún un ṣe lóòótọ́. Wọ́n á gé awọ fíbà inú kúrò, wọ́n á wa igi tó jẹrà jáde títí wọ́n á fi dé ibi tó gbẹ, wọ́n á to pílíwúùdù tuntun, wọ́n á sì tún fi fíbà bò ó. Bàbá ní kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí ìjẹrà náà dé àyàfi tí wọ́n bá gé e, torí ó sábà máa ń gba ara pátákó ìdí lọ sára àwọn igi gígùn abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Ó rìn lórí ilẹ̀ ọkọ̀ náà ní ẹsẹ̀ òfìfo, ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́bàá ìdí, ilẹ̀ náà rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Agogo 10 ààbọ̀

Ẹ̀ńjìnnì ti tutù. Wọ́n ti ọkọ̀ padà sétí omi kí ẹsẹ̀ ẹ̀ńjìnnì lè wọnú omi, torí ẹ̀ńjìnnì tí kò bá rí omi fà kì í pẹ́ bàjẹ́.

Kí mẹ́káníìkì tó tan án, ó tú sùkúrù ìsàlẹ̀ tó wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí ọ́ìlì gíà lè yọ. Bí ọ́ìlì náà bá ti funfun bíi wàrà, omi ti wọlé, àwọn rọ́bà ìdènà inú ti gbó. Èyí mọ́. Ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tò wọ́n sórí aṣọ, ó rí i pé àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, kò sí èyí tí ọ́ìlì bò. Ó fi géèjì sí ojú ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí wọ́n yí ẹ̀ńjìnnì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: 118, 120, 115. Ó ní kì í ṣe bí nọ́ḿbà náà ṣe ga tó nìkan ni ká máa wò, bí wọ́n ṣe súnmọ́ra wọn ṣe pàtàkì jù; bí ọ̀kan bá fi ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ kéré sí àwọn tó kù, sìlíńdà yẹn ti ń kú lọ. Ó tan án. Ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Omi tó ń mú un tutù tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó lágbára, kò já. Ẹ̀ńjìnnì dáadáa ni. Kò sí ìdí kankan tí wọ́n fi mú un gbóná ní ìdájí.

Ohun kan ṣoṣo ló bá wí: síǹkì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán. Iṣẹ́ síǹkì yìí ni pé kí iyọ̀ máa jẹ òun dípò ara ẹ̀ńjìnnì. Ibi tí ọkọ̀ ti ṣiṣẹ́ rí ṣe kókó níbí yìí. Nígbà òjò, omi odò Ògùn àti ti àwọn odò mìíràn máa ń lé omi iyọ̀ jáde nínú ọ̀sà Èkó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á tún gba ẹnu ọ̀sà wọlé. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ àti ti Lekki jìnnà sí ẹnu òkun, omi wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀. Nítorí náà, ẹ̀ńjìnnì tó lo ọdún mẹ́ta ní apá Àpápá kì í ṣe ọgba pẹ̀lú èyí tó lo ọdún mẹ́ta ní Ẹ̀pẹ́, bí ọjọ́ orí wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ bi olówó ọkọ̀ pé níbo ló ti ń ná an, kí ẹ sì wo síǹkì náà, torí síǹkì kì í parọ́.

Agogo 11 kọjá

A bèèrè ìwé.

Lára Yamaha, nọ́ḿbà ẹ̀ńjìnnì máa ń wà lára páànù pẹlẹbẹ kan níbi irin tó fi di ìdí ọkọ̀ mú. Ọ̀pọ̀ wọn tún máa ń ní nọ́ḿbà kan náà lára ìdérí róbótó kékeré kan lára ẹ̀ńjìnnì fúnra rẹ̀, lábẹ́ ìdérí ńlá. Àwọn méjèèjì bára mu. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí ìrajà kò sí. Ọkùnrin náà ní ọwọ́ ẹni tó tà á fún òun ló wà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé etí omi mọ̀ pé àwọn olè máa ń dá àwọn apẹja lọ́nà lójú omi, ẹ̀ńjìnnì sì ni wọ́n sábà máa ń tú lọ. Bí ẹni tí wọ́n jí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ bá rí i lára ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní èbúté Ẹ̀pẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ni yóò jẹ́ olè? Kí ẹ máà ra ẹ̀ńjìnnì tí nọ́ḿbà rẹ̀ kò sí lórí ìwé kan tí orúkọ ẹni tó ń tà á wà níbẹ̀.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ wà. LASWA, àjọ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2008, ló fún un ní tirẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Kò sí ti NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti 1997. Ó ti pẹ́ tí àjọ méjèèjì ti ń fa ọ̀rọ̀ àṣẹ orí omi mọ́ra wọn lọ́wọ́, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé NIWA ló láṣẹ lórí àwọn ojú omi inú ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù lónìí, kó lọ sí ọ́fíìsì NIWA, kó sì bèèrè ohun tí yóò ná an láti gba ìwé ní orúkọ ara rẹ̀. Kó ṣe é kó tó sanwó ọkọ̀, kó má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá dá a dúró lójú omi.

Agogo 12

Abẹ́ igi furúùtù la jókòó sí. Ọkùnrin náà dín owó rẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi sì dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ń ṣírò iye tí yóò fi tún ìdí ọkọ̀ ṣe, bóyá owó náà lè tó, bóyá ó lè lò ó fún oṣù díẹ̀ ná kó tó tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, ju inú igi jíjẹrà náà lọ. Ọkọ̀ tí a bá ra pẹ̀lú èrò pé “màá tún un ṣe tó bá yá” kì í rí ọjọ́ àtúnṣe, torí pé ojoojúmọ́ ló ń mú owó wọlé.

Bàbá ló yanjú rẹ̀. “Ìyá, bí ọmọ yín bá fẹ́ bá ọkọ̀ yìí lọ sí Ìwọpin lọ́la, ṣé ẹ ó jẹ́ kó wọ̀ ọ́?”

Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì fún ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lówó oúnjẹ.

Agogo 2 kọjá

A jẹun ní Ìtòìkín, a sì yà sí ọ̀nà Ejìnrìn, níbi tí Bàbá ti mọ apẹja kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ejìnrìn jẹ́ ọjà ńlá láyé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ẹrù láàárín Ìjẹ̀bú àti Èkó. Àwọn tó mọ ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ọkọ̀ rẹ̀ kò wuni. Ẹsẹ̀ bàtà 20 ni, ó wà lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n dojú rẹ̀ dé lórí igi méjì, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, kò sì ní ẹ̀ńjìnnì rárá. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní oúnjẹ àná. Bàbá ti dé ìdí rẹ̀ pẹ̀lú sùkúrù-díráfà. Kò. Kò. Kò. Òkè, kò. Ìsàlẹ̀, kò. Ihò bóòtì àtijọ́ mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n ti fi résìn dí wọn tinú tòde. Olówó ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ síbi tó ti fọ́ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó ní igi abẹ́ omi ló gbá, ó sì ṣàlàyé bí òun ṣe lẹ̀ ẹ́. Ó tún ní ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ níwájú, lápá ibi tí òun máa ń kó àwọ̀n sí. Inú mi dùn sí bàbá yìí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí àbùkù ọjà rẹ̀, a lè gba ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, bí a kò tilẹ̀ ní ṣíwọ́ kíkàn án wò.

Wọ́n dá ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n yí i sókè, Bàbá sì ní kí wọ́n bu omi sínú rẹ̀, garawa lé garawa, títí yóò fi bo ilẹ̀ rẹ̀ tán. Ibi tí omi bá gbà jáde lórí ilẹ̀ ni yóò gbà wọlé lórí ọ̀sà. A dúró. Bàbá tẹ̀ ba, ó ń fi ọwọ́ gbígbẹ pa abẹ́ ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rinrin díẹ̀ ló rí níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, kò sí níbòmíràn.

Agogo 4

Aládùúgbò kan yá wa ní Yamaha 40. A ti ọkọ̀ sómi, èèyàn mẹ́jọ sì wọ inú rẹ̀, torí ọkọ̀ tó bá dúró dáadáa lófìfo lè ya olè nígbà tó bá gbé ẹrù. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn gbogbo wa. Ọkọ̀ náà kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láàárín ọ̀sà, mẹ́káníìkì fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ mú ìtọ́kọ̀, ó ń wò ó bóyá ọkọ̀ á máa yà fúnra rẹ̀. Ó ń lọ tààrà. Ó yí i sọ́tùn-ún gan-an, ó yí i sósì, ó dín iná rẹ̀ kù lójijì kí ìgbì ẹ̀yìn lè bá wa. Omi kò ré etí ọkọ̀ kọjá. Nígbà tí a padà dé, wọ́n gbọ́n omi inú ọkọ̀: kò kún igbá kan.

Agogo 5 ààbọ̀

Iwájú baálẹ̀ etí omi ni wọ́n ti kọ ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi san ìdajì, ìdajì tó kù sì di ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n kọ gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, ibi tó ti fọ́ rí, orúkọ àwọn tó jẹ́rìí. Ó wù ú kó gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìjọba Èkó ti ka ìrìnàjò èrò lójú omi lálẹ́ léèwọ̀, ìdí rẹ̀ sì yé ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ìtì igi tó léfòó lókùnkùn. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó ra ẹ̀ńjìnnì, kódà ó tó ra láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tuntun.

Agogo 7 alẹ́

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin òwúrọ̀ ni. Ó ní òun ti ro ọ̀rọ̀ náà, òun á ta ọkọ̀ àti ẹ̀ńjìnnì ní ìdajì owó.

“Mi ò fẹ́ ọkọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ẹ̀ńjìnnì yẹn nìkan ni màá rà, bí ẹ bá rí ẹni tó tà á fún yín, tó bá mú ìwé rẹ̀ wá, tí nọ́ḿbà bá bá nọ́ḿbà mu. Ọkọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn láìsọ ohun tí Bàbá rí ní ìdí rẹ̀ fún un.”

Ó ní òun gbọ́, pé òun á wá ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ka nọ́ḿbà ẹ̀ńjìnnì náà tí mo kọ sínú ìwé mi fún òun, kó lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ apẹja ní Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, bóyá ẹnì kan ń wá a.